Láti Orí Ọlọ Dé Ẹnu Sípíkà: Ìtàn Ariwo àti Etí Wa ní Ìwó

Ìtàn ìlú tí a ń kọ́ ní ilé-ìwé sábà máa ń jẹ́ ìtàn ọba, ìtàn ogun àti ìtàn bí òyìnbó ṣe dé. Ìtàn mìíràn ni mo fẹ́ sọ nípa Ìwó, ìlú odídẹrẹ́, tí í ṣe ìlú mi ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ìtàn ariwo ni. Ìdí tí mo fi yàn án ni pé ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ ń bọ̀. Àkókò yẹn ni ọ̀pọ̀ nínú àwa akẹ́kọ̀ọ́ máa ń lọ kọ́ṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ ìlọta, ní ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà àti ní ilé ìlagi, tí àwọn mìíràn sì máa ń tẹ̀lé díjéè lọ sí òde ìnáwó. Bí a bá mọ bí ariwo ṣe dàgbà láàárín wa, a ó mọ ohun tó di etí àwọn àgbà wa kan, a ó sì lè dáàbò bo tiwa.

Kì í ṣe pé ìlú dákẹ́ rọ́rọ́ láyé àtijọ́. Bàtá àti dùndún ń dún lọ́jọ́ egúngún. Àwọn ọdẹ ń yin ìbọn ṣakabùlà bí ẹgbẹ́ wọn bá kú. Alágbẹ̀dẹ ń lu irin láti òwúrọ̀. Ṣùgbọ́n ariwo ayé ìgbà náà ní òdiwọ̀n, nítorí agbára ènìyàn ló ń gbé e jáde. Ní ayé Ọba Mọmọdù Lámúyè, Olúwòó àkọ́kọ́ tó jẹ́ Mùsùlùmí, tó wàjà ní 1906, ẹnu lásán ni ladánì fi ń pe ìrun, agogo àti ohùn sì ni a fi ń kéde ọ̀rọ̀ ọba. Bí ó bá rẹ onílù, yóò sinmi. Bí ilẹ̀ bá ṣú, alágbẹ̀dẹ yóò fi owú rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn àgbà tilẹ̀ sọ pé bí ìlù bá dún àdúnjù, yíya ní í ya. Ìlù fúnra rẹ̀ kò lè kọjá àyè rẹ̀.

Àwọn tí ariwo ń bá jà lójoojúmọ́ nígbà náà kò ju àwọn oníṣẹ́ irin lọ, kì í sì í ṣe ní ilẹ̀ wa nìkan. Ní 1700, dókítà ará Ítálì kan, Bernardino Ramazzini, kọ ìwé lórí àìsàn tí iṣẹ́ ọwọ́ ń fà. Ó sọ níbẹ̀ pé àwọn tó ń lu bàbà ní ìlú Venice ń di adití nítorí òòlù tí wọ́n ń gbọ́ lójoojúmọ́. Ní 1886, Thomas Barr, dókítà etí ní ìlú Glasgow, yẹ etí àwọn tó ń ṣe ìkòkò irin ńláńlá fún ẹ̀rọ tí ń fi ooru omi ṣiṣẹ́ wò. Ó fi wọ́n wé àwọn tó ń pín lẹ́tà káàkiri ìlú. Etí àwọn apínlẹ́tà sàn ju tiwọn lọ fíìfíì.

Irú ẹ̀rọ olóoru bẹ́ẹ̀ ló wọ́ ọkọ̀ ojú irin dé Ìbàdàn ní 1901, tó sì gba agbègbè Ìwó kọjá dé Òṣogbo ní 1907. Ẹ̀rọ dé ọ̀dọ̀ wa. Ìmọ̀ tó yẹ kó bá a rìn kò tètè dé. Nígbà tó yá, ẹ̀rọ kúrò lójú irin, ó wọ inú ọjà àti àdúgbò. Ẹ̀rọ ìlọta gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọlọ àti odó. Ó dín ìyà àwọn obìnrin kù gidigidi, kò sì sí ẹni tó fẹ́ padà sórí ọlọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dúró tì í láti òwúrọ̀ di alẹ́ ń fi etí rẹ̀ san owó kan tí kò mọ̀ pé òun ń san.

Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ nítorí ìyá àgbà tó bí ìyá mi. Ó lé ní ogún ọdún tó fi lọ ata àti ẹ̀wà fún àdúgbò wa, owó ibẹ̀ ló sì fi rán ìyá mi ní ilé-ìwé. Lákọ̀ọ́kọ́, etí rẹ̀ kàn máa ń hó yee lálẹ́. Lẹ́yìn náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé a ń kùn lẹ́nu, pé a kì í la ọ̀rọ̀ dáadáa mọ́. Ohun tó ń ṣe é ni pé ohùn tín-ín-rín ni ariwo kọ́kọ́ máa ń pa létí: ìró bíi s, f àti ṣ. Bí a bá sọ pé ẹnì kan “sá”, ó lè gbọ́ “fá” tàbí “ṣá”, nítorí ohùn kan náà ló wà lórí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Títí di òní, bí gángan bá ń sọ̀rọ̀ níta, ìyá àgbà á túmọ̀ rẹ̀ fún wa, nítorí orí ohùn ni ìlù ń rìn. Ṣùgbọ́n bí àwa ọmọ rẹ̀ bá ń sọ̀rọ̀ nínú yàrá, ẹ̀rín lásán ló máa ń fi dáhùn. Yorùbá ní etí kò gbọ́ yìnkìn, inú kì í bàjẹ́. Ti ìyá àgbà kò rí bẹ́ẹ̀. Inú rẹ̀ ń bàjẹ́ gan-an nítorí pé kò gbọ́.

Ìpele kejì ni ti ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ní 1915, àwọn ọkùnrin méjì kan ní Amẹ́ríkà, Peter Jensen àti Edwin Pridham, fi sípíkà mú kí ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ èèyàn gbọ́ ohùn kan ṣoṣo ní San Francisco. Ní nǹkan bí 1949, Àyìndé Bákàrè fi iná mú ohùn gìtá rẹ̀ ròkè nínú orin jùjú, kí ìlù má baà bò ó mọ́lẹ̀. Láti ìgbà náà ni gìtá àti ìlù ti ń bá ara wọn díje. Bákan náà ni wéré, orin tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń jí Mùsùlùmí sí sààrì nínú oṣù Ràmàdáánì. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn kiri àdúgbò pẹ̀lú ìlù àti ohùn. Láti inú rẹ̀ ni Síkírù Àyìndé Barrister ti mú fújì jáde, fújì sì gun orí pèpéle pẹ̀lú sípíkà tó ga ju ènìyàn lọ. Jẹnẹrétọ̀ tún dé nígbà tí iná ìjọba kò dúró. Ní báyìí, íápíìsì ti gbé ariwo wọ inú ihò etí wa gan-an. Òdiwọ̀n àtijọ́ ti lọ. Ó ń rẹ onílù, kò rẹ sípíkà.

Kí ni ariwo ń ṣe nínú etí? Nínú etí kọ̀ọ̀kan, nǹkan bí 15,000 sẹ́ẹ̀lì onírun tín-ín-tín ló ń gba ìró tí wọ́n sì ń fi í ránṣẹ́ sí ọpọlọ. Ariwo líle máa ń tẹ̀ wọ́n bí ìjì ṣe ń tẹ àgbàdo. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan, wọ́n lè dìde. Bí ó bá ń ṣẹlẹ̀ léraléra, wọ́n á kú, ti ènìyàn kì í sì í hù padà. Dẹ́síbẹ́ẹ̀lì ni a fi ń wọn ariwo. Ìlànà tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ ń lò fún òṣìṣẹ́ ni pé kí ènìyàn má gbọ́ ariwo 85 dẹ́síbẹ́ẹ̀lì ju wákàtí 8 lọ lóòjọ́. Bí ó bá fi 3 péré lé sí i, ààbọ̀ àkókò náà ni kó lò. Nítorí náà, 88 jẹ́ wákàtí 4, 91 jẹ́ wákàtí 2, 100 sì jẹ́ ìṣẹ́jú 15 péré. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé àwọn ọ̀dọ́ tó lé ní bílíọ̀nù kan lágbàáyé wà nínú ewu nítorí bí wọ́n ṣe ń gbọ́ orin.

Ìjọba náà ti ṣòfin. Ní 2009, ìjọba àpapọ̀ gbé ìlànà jáde lórí ariwo, èyí tó yàn òdiwọ̀n ọ̀tọ̀ fún ọ̀sán àti òru. Ní 2016, Ìpínlẹ̀ Èkó ti ṣọ́ọ̀ṣì 70 àti mọ́ṣáláṣí 20 pa nítorí ariwo. Ṣùgbọ́n òfin kò lè tẹ̀lé wa dé ìdí ẹ̀rọ ìlọta, kò sì lè yọ íápíìsì kúrò létí wa.

Àbúrò mi ọkùnrin, ọmọ ọdún méjìlá, ń múra láti lo ìsinmi yìí nídìí ẹ̀rọ kan náà tí ìyá àgbà lò. Àwọn òbí wa ní iṣẹ́ kì í pani, òótọ́ sì ni wọ́n sọ. N kò ní kó má lọ. Ohun tí mo bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí wọ́n ra ìbòtí tí àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ máa ń dé fún un, kí ó máa jáde síta sinmi láàárín iṣẹ́, kí ó má sì jókòó ti ẹ̀rọ nígbà tí kò sí oníbàárà. Òwú lásán kò tó láti dí etí.

Kí àwa akẹ́kọ̀ọ́ jìnnà sí sípíkà lóde ìnáwó. Bí a bá fi ìlọ́po méjì jìnnà sí i ní gbangba, ariwo á dínkù púpọ̀. Kí a má ṣe ju nọ́káòtù sí ìtòsí etí ẹnikẹ́ni. Bí ẹni tó wà nítòsí wa bá ní láti pariwo kí a tó gbọ́ ọ, ibẹ̀ ti le jù. Bí etí bá ń hó lẹ́yìn òde, ìkìlọ̀ ni. Ẹ̀yin olùkọ́, ọmọ tó ń ṣi ọ̀rọ̀ kọ nínú àpèkọ lè má jẹ́ olódo. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bi í bóyá ó ń gbọ́ yín. Ẹ̀yin òbí, bí ẹ ṣe ń ra ìwé àti bàtà kí ìsinmi tó parí, ẹ ra ìbòtí fún ọmọ tó ń lọ sídìí ẹ̀rọ kí ìsinmi náà tó bẹ̀rẹ̀.