ÁYỌ́Ọ̀NÙ ELÉÈÉDÚ ÀTI ỌWỌ́ TÓ FI LỌ AṢỌ WA

  Sátidé la wà yìí, mo sì mọ̀ pé ní ọ̀pọ̀ ilé, aṣọ ìsìn ọ̀la ti wà lórí tábìlì, ẹnì kan sì ti ń dúró de iná kó lè lọ̀ ọ́. Ìtàn tí mo fẹ́ sọ lónìí kò jìnnà síbẹ̀. Ìtàn áyọ́ọ̀nù ni, pàápàá áyọ́ọ̀nù eléèédú, àti ìtàn àwọn èèyàn tó dì í mú. Ó gùn díẹ̀ o. Ẹ fara balẹ̀ kà á, torí ohun tó wà níparí rẹ̀ ló mú mi kọ ọ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí wọ́n bí lẹ́yìn ọdún 2000, bóyá ẹnu ọ̀nà ilé màmá àgbà lẹ ti rí i, tí wọ́n fi ń dá ilẹ̀kùn dúró kí atẹ́gùn má gbá a pa. Àpótí irin kékeré ni, imú rẹ̀ ṣónṣó, ó ní ìdérí, ó ní ọwọ́ tí wọ́n fi igi ṣe, ihò sì wà lára rẹ̀ yíká bíi fèrèsé. Òmíràn ní àkùkọ kékeré níwájú, òun ni wọ́n fi ń há ìdérí náà. Ohun tó ń dá ilẹ̀kùn dúró yẹn ti fìgbà kan jẹ́ iyì ilé. Kì í ṣe gbogbo ilé ló ní in. Ní adúgbò mìíràn, ẹyọ kan ló máa wà, wọ́n á sì máa yá a láti ojúlé dé ojúlé.

KÍ ÁYỌ́Ọ̀NÙ TÓ DÉ

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé aṣọ rírún làwọn baba wa ń wọ̀ kiri kí òyìnbó tó dé. Àwọn náà mọ bí aṣọ ṣe ń dán. Wọ́n á ká aṣọ, wọ́n á gbé e lé orí ìtì igi tí ojú rẹ̀ ti jọ̀lọ̀, wọ́n á wá fi olúlù lù ú, kì í ṣe lílù ìbínú o, lílù tó ní ìlànà. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe aṣọ òkè, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe ń ṣe adìrẹ tó bá ti inú aró jáde tó sì ti gbẹ. Aṣọ tó bá jẹ ìlù dáadáa á máa kọ mànà. Ẹni tí kò bá sì rówó fún alùṣọ, á ká tirẹ̀ sábẹ́ ẹní, á sùn lé e mọ́jú. Áyọ́ọ̀nù tí kò jẹ èédú, tí kò jẹ iná NẸ́PÀ!

Níbòmíràn láyé, ooru ni wọ́n ń lò. Ní Ṣáínà, ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún tí wọ́n ti ń kó ẹyin iná sínú àwo irin tó ní ọwọ́ gígùn, tí wọ́n á máa fi ìdí rẹ̀ tẹ aṣọ ṣẹ́dà. Ní Yúróòpù, wọ́n ń gbé irin gbọọrọ ka iná títí á fi gbóná. Tí èyí bá tutù, wọ́n á gbé e padà, wọ́n á mú ìkejì. Ọwọ́ irin yẹn náà á gbóná, á sì máa jó ẹni tó dì í mú. Ọdún 1871 ni obìnrin kan, Mary Florence Potts, ní ìpínlẹ̀ Iowa ní Amẹ́ríkà, gba ìwé àṣẹ fún irin tí ọwọ́ igi rẹ̀ ṣe é yọ, tó sì ṣe é gbé bọ inú irin mìíràn. Obìnrin ló mọ ibi tí bàtà ti ń ta obìnrin lẹ́sẹ̀.

Nílẹ̀ wa, ẹ rántí pé ọdún 1846 làwọn míṣọ́nnárì CMS wọ Abẹ́òkúta, àwọn Sàró sì ti ń padà bọ̀ wálé láti Sierra Leone. Àwọn Àgùdà náà ń bọ̀ láti Brazil wá sí Èkó. Ṣẹ́ẹ̀tì ọlọ́rùn líle, kóòtù, gáùn, aṣọ funfun àwọn akọrin: irú aṣọ báyìí kò ṣe é fi olúlù lù lórí igi. Ọrùn rẹ̀ ń fẹ́ sítáàṣì, ara rẹ̀ ń fẹ́ irin gbígbóná. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ alágbàfọ̀ ti gbilẹ̀ láwọn ìlú ńlá. Ẹ wo orúkọ yẹn dáadáa: ẹni tó ń gba aṣọ ẹlòmíràn fọ̀. Ó fọ̀ ọ́, ó sá a, ó lọ̀ ọ́, ó ká a, ó gbé e dé ilé olówó. Máàkù orí kẹsàn-án náà kò gbàgbé rẹ̀. Nígbà tó fẹ́ ká mọ bí aṣọ Jésù ṣe funfun tó lórí òkè, alágbàfọ̀ ló fi ṣe àpèjúwe.

BÍ A ṢE Ń LÒ Ó

Àwa tá a lọ sílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ogun Biafra títí wọ àwọn ọdún 1980, ẹ jẹ́ ká rántí ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sunday. Yúníìfọ́ọ̀mù gbọ́dọ̀ dán ní Monday, torí olùkọ́ máa wò ó lórí ìlà.

Èédú lo máa kọ́kọ́ ṣà, kì í ṣe èyí tó kúnná, kì í sì í ṣe èyí tó tóbi jù. Wàá kó o sínú áyọ́ọ̀nù, wàá ta kẹrosíìnì díẹ̀ sí i, wàá ṣáná. Abẹ̀bẹ̀ kò gbọdọ̀ dá. Èéfín á kọ́kọ́ ta ọ́ lójú. Títí èéfín yẹn ò bá tíì lọ tán, tí èédú ò tíì pọ́n rokoṣo, o kò gbọ́dọ̀ gbé e sún mọ́ aṣọ. Tó bá ti jó dáadáa, wàá pa ìdérí dé, wàá wá máa fì í síwá sẹ́yìn kí atẹ́gùn lè gba inú ihò wọlé. Àwọn ẹ̀gbọ́n wa ọkùnrin fẹ́ràn fífì yẹn gan-an!

Lẹ́yìn náà, aṣọ tútù la fi ń nu ìdí rẹ̀ kí eérú má bàa lẹ̀ mọ́ aṣọ. Ẹlòmíràn á fi àbẹ́là pa á kó lè máa yọ̀. A ó fi ìka tútù kàn án fìrí. Tó bá dún ṣìì, ó ti tó lò. Kò sí bọ́tìnì kankan tí èèyàn fẹ́ yí láti dín ooru rẹ̀ kù. Orí ẹni tó ń lọṣọ ni bọ́tìnì wà. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n lò fi máa ń fi kákí àti òwú tó nípọn bẹ̀rẹ̀ nígbà tí iná ṣì le. Tí èédú bá ti ń rọlẹ̀, á wá mú tẹ́rílíìnì àti aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ẹni tó bá yí i po, tẹ́rílíìnì á yọ́, á sì lẹ̀ mọ́ ìdí irin bí oje.

Sítáàṣì ńkọ́? Látinú ẹ̀gẹ́ la ti ń yọ ọ́. A ó pò ó, a ó rẹ aṣọ sí i, a ó sá a. Nígbà tó bá kù díẹ̀ kó gbẹ la máa lọ̀ ọ́. Ìlà ṣòkòtò kákí á wá dúró gbọn-in, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ lè gé ẹran. Àmọ́ tí ẹ̀ta-iná kan bá fò gba inú ihò jáde sórí ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ó parí. Aṣọ tó bá ti jó kò gbọ́ ẹ̀bẹ̀.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú dání níbí. Àwọn ìyá wa kì í lọṣọ nínú yàrá tí wọ́n ti pa. Ẹ̀yìnkùlé ni, tàbí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Èédú tó ń jó máa ń tú gáàsì kan jáde tí kò ní òórùn, tí kò ní àwọ̀. Carbon monoxide ni wọ́n ń pè é, ó sì ń pa èèyàn sójú oorun. Jẹnẹrétọ̀ náà ń tú u jáde. Ẹ jọ̀ọ́, torí Ọlọ́run, ẹ má gbé ìkankan nínú méjèèjì wọ yàrá tàbí kọ́rídọ̀ nítorí pé ẹ fẹ́ lọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì.

INÁ MÀNÀMÁNÁ DÉ

Oṣù kẹfà ọdún 1882 ni Henry Seely ní New York gba ìwé àṣẹ fún áyọ́ọ̀nù tó ń lo iná mànàmáná. Ní Èkó, ọdún 1896 ni iná mànàmáná kọ́kọ́ tàn, ṣùgbọ́n ilé mélòó ló dé? ECN dé ní ọdún 1950, NẸ́PÀ dé ní 1972. Áyọ́ọ̀nù oníná wọlé lóòótọ́, àmọ́ kò lè lé eléèédú jáde, torí ẹni tó ń mú iná lọ kì í dágbére. Títí dòní, ẹ ya ṣọ́ọ̀bù àwọn télọ̀ wa, ẹ máa rí eléèédú níbẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́.

Ní Amẹ́ríkà, láàárín àwọn ọdún 1930 sí 1950, àwọn ilé kan tiẹ̀ ní ẹ̀rọ ìlọṣọ tí wọ́n ń jókòó sídìí rẹ̀ bí ẹni jókòó sídìí máṣíìnì ìránṣọ. Ọ̀kan lára wọn ń jẹ́ Ironrite. Ohun róbótó tí wọ́n fi aṣọ wé ló ń yí, irin gbígbóná á tẹ̀ mọ́ ọn, orúnkún ni obìnrin ilé fi ń darí rẹ̀ kí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lè ráyè tẹ́ aṣọ. Nígbà tí aṣọ tí kì í rún wá pọ̀ lọ́jà, ẹ̀rọ náà di ohun tí wọ́n ń gbé pa mọ́.

TA LÓ LỌ̀ Ọ́?

Ibi tí mo ń bọ̀ rèé. Nínú gbogbo ìtàn irin yìí, ọwọ́ ẹnì kan wà nídìí rẹ̀, a kì í sábà bèèrè orúkọ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín lọ sí Atlanta ní ọdún 1881. Ọdún 16 péré ni oko ẹrú fi parí níbẹ̀. Àwọn obìnrin adúláwọ̀ tó ń gba aṣọ fọ̀ ń pọn omi, wọ́n ń ṣe ọṣẹ, wọ́n ń fi irin wíwúwo lọṣọ látàárọ̀ dalẹ́, owó tí wọ́n sì ń rí kò ju dọ́là 4 sí 8 lọ lóṣù. Ní oṣù keje, nǹkan bí 20 nínú wọn dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Wọ́n ní àwọn fẹ́ dọ́là 1 fún aṣọ tó bá wọn pọ́n-ùn 12, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ àwọn ò ní fọ̀ mọ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n ti di 3,000. Níbo ni wọ́n ti ń pàdé? Inú ṣọ́ọ̀ṣì! Wọ́n mú àwọn kan nínú wọn, wọ́n bu owó ìtanràn lé wọn. Ìgbìmọ̀ ìlú tún ní àwọn máa gba dọ́là 25 fún ìwé àṣẹ lọ́wọ́ wọn. Àwọn obìnrin náà kọ̀wé sí olórí ìlú pé àwọn ṣe tán láti san án, kódà kó jẹ́ 50, bí iṣẹ́ náà á bá ti wà lọ́wọ́ àwọn fúnra wọn. Nígbẹ̀yìn, ìgbìmọ̀ fi owó ìwé àṣẹ náà sílẹ̀.

Ọdún 11 lẹ́yìn náà, ní 1892, Sarah Boone, aránṣọ tí wọ́n bí sínú oko ẹrú ní North Carolina, gba ìwé àṣẹ fún pákó ìlọṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ tó tẹ̀ kọrọdọ, tí apá aṣọ obìnrin lè wọ̀ dáadáa. Tẹ́ ẹ bá tẹ́ pákó ìlọṣọ yín lálẹ́ òní, ẹ rántí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ilé wa báyìí. Ní ọdún bíi mélòó kan sẹ́yìn, wọ́n mú ọmọdébìnrin kan wá bá wa ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ọmọ ọ̀dọ̀ ni. Àpá áyọ́ọ̀nù wà lápá rẹ̀, imú irin náà hàn ketekete bí ẹni ya àwòrán. Wọ́n ní ó jó aṣọ, wọ́n wá jó òun náà. A fi ọ̀rọ̀ náà tó àwọn aláṣẹ létí. Gbogbo ìgbà tó fi wà lọ́dọ̀ wa, tí ìyàwó mi bá ti gbé áyọ́ọ̀nù jáde, ọmọ náà á dìde, á lọ dúró síta. Kò ní sọ nǹkan kan. Tí a bá ti gbé irin náà pa mọ́, á wọlé.

Ẹ̀yin ará mi, aṣọ lè rún, ká tún un lọ̀. Ara ọmọ èèyàn kì í ṣe aṣọ. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti wà ní Nàìjíríà láti ọdún 2003, Èkó sì ṣe tirẹ̀ ní 2007. Ká tiẹ̀ ní kò sí òfin, ṣé ẹni tí ẹ̀mí mímọ́ ń gbé inú rẹ̀ lè gbé irin gbígbóná lé ọmọ ọlọ́mọ? Pọ́ọ̀lù sọ fún àwọn ará Éfésù pé Olúwa fẹ́ ìjọ tí kò ní àbàwọ́n, tí kò hun jọ. Kì í ṣe gèlè àti agbádá wa ló ń sọ. Aṣọ ńlá kọ́ ni èèyàn ńlá.

Nítorí náà, kó o tó wọ aṣọ ọ̀la, bi ara rẹ: ta ló lọ̀ ọ́? Tó bá jẹ́ alágbàfọ̀ ni, ṣé o ti sanwó rẹ̀, àbí o ń sọ fún un pé kó padà wá lóṣù tó ń bọ̀? Jákọ́bù ní owó iṣẹ́ tá a bá há mọ́ òṣìṣẹ́ lọ́wọ́ máa ń ké, etí Ọlọ́run sì ń gbọ́ ọ. Tó bá jẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ ni, ṣé ó ti jẹun? Ṣé òun náà ní aṣọ tó máa wọ̀ lọ sílé Ọlọ́run? Tó bá jẹ́ ìyàwó rẹ ni, ìwọ ọkọ, dìde, gba áyọ́ọ̀nù yẹn lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Tẹ́ ẹ bá sì mọ ọmọ kankan tí wọ́n ń fìyà jẹ ládùúgbò yín, ẹ má dákẹ́. Ẹ sọ fún aláṣẹ, ẹ sọ fún pásítọ̀ yín.

Ẹ̀yin àgbà tẹ́ ẹ lo eléèédú rí, ẹ kọ ìrántí tiyín sísàlẹ̀ kí àwọn ọmọ wa lè kà á. Olúwa á bùkún iṣẹ́ ọwọ́ gbogbo ẹni tó ń fi òógùn jíjẹ. Kò ní jẹ́ ká fi ọwọ́ wa ṣe ibi. Lórúkọ Jésù.