Láti Orí Fìtílà Àwòrán Dé Orí Kọ̀ǹpútà

Àwọn kan rò pé òde òní ni fífi ìmọ́lẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ Ọlọ́run sójú ògiri bẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ kọ́ o. Ó ti pẹ́ nílẹ̀ Áfíríkà.

Ní ọdún 1854, David Livingstone, míṣọ́nnárì ará Scotland, dé ọ̀dọ̀ Shinte, ọba kan láàrin àwọn Balonda. Ó gbé fìtílà àwòrán dání. Ìmọ́lẹ̀ inú àpótí rẹ̀ á gba ara gíláàsì tí wọ́n ya àwòrán sí kọjá, àwòrán náà á sì hàn gàdàgbà níwájú àwùjọ. Èyí tó kọ́kọ́ fi hàn ni Ábúráhámù tó gbé ọ̀bẹ sókè sí Ísáákì. Àwọn obìnrin dákẹ́, wọ́n ń gbọ́. Àfi ìgbà tí Livingstone sún gíláàsì náà tí ọ̀bẹ ń rìn bọ̀ lọ́dọ̀ wọn! Wọ́n rò pé àwọn ló fẹ́ gún. Wọ́n figbe ta, wọ́n sá lọ, kò sì sí ẹni tó lè dá wọn padà. Shinte ní tirẹ̀ jókòó títí dópin, ó sì yẹ ẹ̀rọ náà wò.

Ẹ kíyè sí i: ìwàásù náà ò burú, àwòrán náà ò burú. Sísún tó sún un ló tú wọn ká.

Nígbà tó yá, ẹ̀rọ yí padà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, Kodak gbé Carousel jáde, àwo rẹ̀ roboto, ó ń gba 80 síláìdì. Bọ́tìnnì lásán lèèyàn ń tẹ̀. Ní 1987, ilé iṣẹ́ Forethought ní Amẹ́ríkà gbé PowerPoint tí Robert Gaskins àti Dennis Austin ṣe jáde. Ọdún yẹn náà ni Microsoft rà á ní mílíọ̀nù 14 dọ́là. Ní 2004, Kodak dáwọ́ ṣíṣe ẹ̀rọ síláìdì dúró.

Kí ló wá kàn wá níbí ní Port Harcourt? Ó kàn wá gan-an ni. Èdè tí wọ́n ń sọ lọ́jà àti níléèwé níbí kì í ṣe tiwa. Ojú ògiri ṣọ́ọ̀ṣì nìkan ni ọ̀pọ̀ ọmọ wa ti ń rí Yorùbá kà. Tí ẹni tó wà nídìí kọ̀ǹpútà bá yára ṣí síláìdì, ọmọ náà á pa ẹnu dé, màmá àgbà tí ojú rẹ̀ ò ríran dáadáa á sì sọ orin nù. Tí àmì orí ọ̀rọ̀ bá tún pòórá, ogún tí Bàbá fi sílẹ̀ fún wa á di ogun!

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ yìí, ẹ tètè dé. Ẹ yẹ gbogbo àmì wò lórí kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀ṣì gan-an, torí ohun tó hàn dáadáa nílé lè dàrú níbẹ̀. Ẹ máa kọ orin pẹ̀lú wa, kí ẹ lè mọ ìgbà tí ìlà tó kẹ́yìn ń parí lọ. Tí pásítọ̀ bá fo ẹsẹ kan, ẹ má wá a kiri lójú gbogbo ìjọ: ẹ tẹ nọ́ńbà síláìdì náà, kí ẹ tẹ Enter. Tí àdúrà bá dé, ẹ tẹ lẹ́tà B, ojú ògiri á ṣókùnkùn, ọkàn á sì dúró sójú kan. Kí ìwé orin sì wà nítòsí, torí iná lè lọ nígbàkigbà.

Hábákúkù 2:2 kọ́ wa pé kí á kọ ìran náà kó hàn ketekete fún ẹni tó ń kà á. Iṣẹ́ tiyín nìyẹn, iṣẹ́ ìránṣẹ́ ni. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Olúwa yóò bù kún ọwọ́ yín.