Asọ̀rọ̀mágbèsì àti Wáyà Tí Mo Fi Pamọ́ ní Manigri

Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kan tí mo lọ gbé ní Manigri láti gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀, mo na wáyà kan láti ojú fèrèsé yàrá mi lọ sára igi máńgòrò tó wà ní ẹ̀yìnkùlé. Wáyà náà tín-ín-rín, àwọ̀ rẹ̀ kò sì yàtọ̀ sí ti èèpo igi. Alẹ́ ni mo nà án, n kò sì sọ fún ẹni tó ni ilé. Ohun tó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ ló jẹ́ kí n ronú lórí orúkọ kan tí gbogbo wa ń pè láìbi í léèrè: asọ̀rọ̀mágbèsì.

Manigri wà lábẹ́ Bassila, ní ẹkùn Donga ní orílẹ̀-èdè Benin, kò sì jìnnà sí ẹnubodè Togo. Nínú Bassila fúnra rẹ̀, èdè Anii ni àwọn onílẹ̀ ń sọ, ṣùgbọ́n Nago ni àwọn ará Manigri. Èdè wọn àti ti Kambolé ní Togo ni àwọn onímọ̀ ń pè ní Manigri-Kambolé, wọ́n sì kà á mọ́ àwọn èdè tó bá Yorùbá tan. Ẹni tó bá ti Ìbàdàn débẹ̀ yóò gbọ́ ọ̀rọ̀ tó mọ̀ àti èyí tí kò mọ̀ nínú gbólóhùn kan náà. Yorùbá àjùmọ̀lò ni mo fi kọ ohun tí wọ́n sọ fún mi sílẹ̀ níhìn-ín, nítorí kì í ṣe fonọ́lọ́jì ni mo bá wá lọ́tẹ̀ yìí.

Mo jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n ń pè ní ham, ìyẹn àwọn tó ń fi rédíò bá ara wọn sọ̀rọ̀ láti orílẹ̀-èdè kan dé òmíràn nítorí pé wọ́n fẹ́ràn rẹ̀, láìgba owó. Ìjọba ló ń fún wa ní ìwé àṣẹ, pẹ̀lú àmì tí a fi ń dárúkọ ara wa lórí ìgbì. Ti Nàìjíríà ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 5N, ti Togo pẹ̀lú 5V, ti Benin pẹ̀lú TY. Nígbà ìjọba amúnisìn, ZD2 ni Nàìjíríà, FF8 kan ṣoṣo ni wọ́n sì fi ń pe gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tó wà lábẹ́ Faransé. Ẹni tó bá ń ṣe ìwádìí lórí orúkọ lè rí iṣẹ́ púpọ̀ ṣe níbẹ̀. N kò ní àṣẹ láti sọ̀rọ̀ lórí ìgbì ní Benin, nítorí náà gbígbọ́ nìkan ni mo fẹ́ gbọ́.

Ìgbì tó wà ní MHz 14 gùn tó mítà 21. Ìdajì rẹ̀ ni wáyà tó máa ń gbà á dáadáa, ìyẹn bíi mítà 10. Mo kọ́kọ́ gbìyànjú láti ta wáyà náà sábẹ́ àjà yàrá, ṣùgbọ́n páànù ló wà lórí ilé, páànù sì ń dínà ìgbì. Kò gbọ́ ju ariwo gílóòbù àti ti ṣájà fóònù lọ. Ìyá tó ni ilé ti kìlọ̀ fún mi lọ́jọ́ tí mo dé pé òun kò fẹ́ ohunkóhun lórí òrùlé òun, nítorí mànàmáná. Máńgòrò kì í ṣe òrùlé, ni mo sọ fún ara mi. Kí n má purọ́, ọ̀lẹ àlàyé ló ṣe mí.

Ẹ jẹ́ kí n padà sórí orúkọ yẹn. Ní 1935 ni ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ rédíò tí wọ́n ń fi wáyà gbé wọ ilé ní Èkó. Ìbàdàn gba tirẹ̀ ní 1939. Ẹni tó bá san owó yóò gbé àpótí kan kọ́ ara ògiri. Àpótí náà kò ní ibi tí a ti ń wá ìlú mìíràn. Ohun tí ilé iṣẹ́ bá fi ránṣẹ́ ni onílé yóò gbọ́. Èrò tèmi ni pé kò sí rédíò tí orúkọ yìí bá mu tó àpótí yẹn: a-sọ-ọ̀rọ̀-má-gba-èsì. Kí akẹ́kọ̀ọ́ má ṣe fi ‘má’ inú rẹ̀ wé ti amóhùnmáwòrán o. Ti àkọ́kọ́ jẹ́ ìyísódì. Ti ìkejì jẹ́ ‘mú’ tó pàdé ‘àwòrán’ tí fáwẹ́lì rẹ̀ sì jẹ. Mo ti rí i nínú ìwé ìdánwò ju ẹ̀ẹ̀kan lọ níbi tí wọ́n ti pa méjèèjì pọ̀.

Rédíò ti àwa ham kò bá orúkọ yẹn mu rárá. Èsì gan-an ni à ń wá. Ẹni tó ké pe gbogbo ayé lórí ìgbì tí ẹnikẹ́ni kò dá lóhùn, kò tíì ṣe nǹkan kan.

Ọ̀nà mìíràn ni rédíò gbà dé Manigri. Ní Cotonou ni Rédíò Dahomey ti bẹ̀rẹ̀ ní 1953, ibẹ̀ sì ju kìlómítà 300 lọ lójú ọ̀nà. Afẹ́fẹ́ ló ń gbé ohùn rẹ̀ wá, tí ẹ̀rọ oníbátìrì sì ń gbà á. Ìyá sọ fún mi lẹ́yìn ìgbà náà pé ọkọ òun ní ọ̀kan, ó sì so wáyà mọ́ ọ̀pá oparun gíga kí ohùn lè mọ́. Gbogbo àdúgbò ló ń rí ọ̀pá náà, ó sì wu onítọ̀hún kí wọ́n rí i.

Ní ọjọ́ 16 oṣù kìíní 1977, àwọn jagunjagun àgbàṣe tí Bob Denard kó jọ balẹ̀ sí pápákọ̀ òfurufú Cotonou láti lé Ààrẹ Kérékou kúrò. Wọ́n kùnà, ṣùgbọ́n ìfura gba ìlú. Ìyá ní àwọn kan wá bá ọkọ òun, wọ́n ń bi í ta ni ó ń fi wáyà yẹn bá sọ̀rọ̀. Ó ní rédíò òun kì í gbọ́ ọ̀rọ̀, sísọ nìkan ló ń sọ. Kò mọ orúkọ tí a ń pè é ní Ìbàdàn, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ rẹ̀ gan-an ló fi gbèjà ara rẹ̀. Wọ́n gé wáyà náà, wọ́n sì gbé rédíò lọ.

Gbogbo èyí kò tíì dé etí mi nígbà tí ọmọ kan tó gun máńgòrò rí wáyà tèmi. Ní ọjọ́ kejì, àgbà méjì tó yẹ kí wọ́n bá mi sọ̀rọ̀ kò jáde. Ní ọjọ́ kẹta, Ìyá pè mí.

“Olùkọ́, okùn kí ni ìyẹn?”

“Wáyà rédíò ni, Ìyá. Ẹ má bínú.”

“Ìwọ tí ò ń gba ohùn wa lójoojúmọ́. Ṣé ibẹ̀ lo ń gbé e gbà lọ?”

Ìgbà yẹn ni ara mi tó bù máṣọ. Ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ ń bẹ lórí tábìlì mi ní ọ̀sán, wáyà ń bẹ lẹ́yìn fèrèsé mi ní òru. Ta ni kò ní so méjèèjì pọ̀? Mo gbé rédíò náà jáde sí iwájú ilé lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo na wáyà sí gbangba, mo sì pe ẹni tó bá fẹ́ kó wá gbọ́. Ohùn ọkùnrin kan wọlé, ó ń ka àmì rẹ̀ ní èdè Faransé léraléra. Ìyá kí i. Nígbà tí kò dáhùn, ó yíjú sí mi.

“Kò gbọ́ wa?”

“Kò gbọ́ wa, Ìyá. Ẹ̀rọ yìí kò lè sọ̀rọ̀.”

“Kí ló wá dé tí o fi pa á mọ́?”

N kò rí èsì fún un.

Ọ̀kan nínú àwọn àgbà náà padà wá lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, a sì parí iṣẹ́ wa. Ìkejì ní kí n pa ohun tí òun ti sọ ṣáájú rẹ́, níṣojú òun. Mo pa á rẹ́. Ìtàn ọdẹ kan wà nínú rẹ̀ tí mo ti ń lérò láti fi ṣàlàyé ìlò àwọn arọ́pò-orúkọ wọn, ó tó ìṣẹ́jú 20. N kò tún rí ẹni tó mọ̀ ọ́n sọ bẹ́ẹ̀ fún mi mọ́.