Àpò Òṣìṣẹ́: Ìtàn Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan àti Ìtumọ̀ Rẹ̀ ní Yorùbá

Bí ọ̀gá bá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ènìyàn, àwọn Gẹ̀ẹ́sì a máa wí pé ó fún un ní "sack", èyíinì ni àpò. Ọ̀rọ̀ náà gba inú èdè Gíríìkì àti Látìn kọjá kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wọn.

Àwọn Faransé ti ń fi í pe ìléniníṣẹ́ ṣáájú àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Nínú ìwé atúmọ̀ èdè Faransé sí Gẹ̀ẹ́sì tí Randle Cotgrave tẹ̀ jáde ní 1611, fífún ìránṣẹ́ ní "sac" rẹ̀ túmọ̀ sí pé ọ̀gá ti ní kí ó máa lọ. Àlàyé tí a máa ń ṣe ni pé inú àpò ni oníṣẹ́-ọwọ́ ń kó irinṣẹ́ rẹ̀ sí. Ọjọ́ tí ọ̀gá bá dá àpò náà padà fún un, iṣẹ́ parí nìyẹn. Nígbà tí yóò fi di ìdajì ọ̀rúndún 19, ọ̀rọ̀ náà ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ lẹ́nu àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ní ti àwọn Faransé òde òní, "licencier" tàbí "renvoyer" ni wọ́n ń lò.

Irú àrokò bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí Yorùbá. Ní Ọ̀yọ́ àtijọ́, bí ìlú bá kọ Aláàfin, igbá òfìfo tàbí ẹyin odídẹrẹ́ ni a ó fi ránṣẹ́ sí i. Ṣùgbọ́n ikú ni igbá ń pe ọba sí. Òṣìṣẹ́ tí ó gba àpò ṣì lè gbé irinṣẹ́ rẹ̀ lọ síbòmíràn.

Síbẹ̀, ẹni tí ó bá túmọ̀ ọ̀rọ̀ yìí ní "wọ́n fún un ní àpò" ti ṣi òǹkàwé lọ́nà. Létí Yorùbá, owó ni àpò ń mú wá sí ọkàn: ọ̀kẹ́ kan, tí í ṣe àpò owó ẹyọ, jẹ́ 20,000.

"Lé" náà ní ewu tirẹ̀, nítorí pé ó ń dá ẹ̀bi fún ẹni tí a lé. Òfin iṣẹ́ àwọn Faransé ya ẹni tí ó ṣẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tí àìsí owó mú kí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ìwé kíkà fún àwọn àgbà bá ní "wọ́n lé e" fún àwọn méjèèjì, ó ti ba orúkọ aláìṣẹ̀ jẹ́. Ó yẹ kí a kọ "wọ́n lé e nítorí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀" fún ti àkọ́kọ́, àti "wọ́n dá a dúró pátápátá nítorí àìsí owó" fún ti èkejì. "Pátápátá" ṣe pàtàkì níbẹ̀, torí pé a lè dá ènìyàn dúró fún ìgbà díẹ̀ kí a sì tún pè é padà.