Òkè, Ẹranko àti Ìlú Ńlá: Ìtàn Ìsinmi Àkọ́kọ́ Tí Ẹgbẹ́ Wa Lọ

Ìgbìmọ̀ tó ń ṣe ìwé ìrántí yìí ní kí a kọ ìtàn ìsinmi àkọ́kọ́ tí a jọ lọ, èyí tó bọ́ sí ọdún kẹta tí a dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin péré ni. A gun òkè ní Ìdànrè, a wo ẹranko ní Yunifásítì Ìbàdàn, a sì rìn nínú ìgboro Ìbàdàn kí a tó padà sílé. Ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ sọ ọ́ dáadáa, ìtàn náà ju ọjọ́ mẹ́rin lọ.

Nílẹ̀ Èkìtì, ta ni yóò kúrò nílé torí pé ó fẹ́ lọ wo òkè? Òkè wà lẹ́yìnkùlé wa. Àwọn àgbà tilẹ̀ sọ pé inú ọ̀rọ̀ náà, òkìtì, ni orúkọ Èkìtì ti jáde. Àwọn bàbá wa rìnrìn-àjò, ìyẹn ò ní iyàn nínú. Wọ́n lọ ṣiṣẹ́ oko kòkó ní Oǹdó àti Ìdànrè, wọ́n lọ jagun, wọ́n lọ kí àna, wọ́n lọ sìnkú. Ẹni tó bá di ẹrù rẹ̀ láìsí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí, wọn yóò bi í bóyá ó bá ìyàwó rẹ̀ jà ni.

Abájọ tí ọ̀rọ̀ yìí fi dá awuyewuye sílẹ̀ nípàdé. Òrùlé iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ń jò nígbà náà, a sì ti ń sọ ọ́ láàárín ara wa pé a ó ran àwọn ọmọ náà lọ́wọ́. Ẹnìkan nínú wa dìde, ó ní: “Òjò ń pa ọmọ nínú kíláàsì, ẹ̀yin ń sọ pé ká lọ wo ọ̀bọ!” Àwọn kan rẹ́rìn-ín, àwọn kan fajú ro. Òótọ́ ló sọ, kò sì sí ẹni tó lè dá a lóhùn wọ́ọ́rọ́wọ́. Ìpàdé mẹ́ta gbáko la fi jà á. Ìparí rẹ̀ ni pé a kò ní fọwọ́ kan àpò ẹgbẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ lọ yóò dá àjọ tirẹ̀ fún oṣù mẹ́wàá, owó òrùlé yóò sì ní ìwé àkọsílẹ̀ tirẹ̀ lọ́tọ̀. Iṣẹ́ báńkì ti kọ́ wa pé owó tí kò bá ní orúkọ kì í pẹ́ ná.

Aago mẹ́fà àárọ̀ la gbéra ní Ìgbẹ́mọ, bọ́ọ̀sì méjì, tọkọtaya àtàwọn ọmọ. Ìrẹsì Ìgbẹ́mọ kún kúlà mẹ́rin. A kò lè ti ìlú tí gbogbo Èkìtì mọ̀ mọ́ ìrẹsì jáde lọ ra ti òkèèrè jẹ lọ́nà. A gba Adó, a gba Àkúrẹ́, nígbà tí a sì ń sún mọ́ Ìdànrè ni àwọn òkúta bẹ̀rẹ̀ sí í dìde lọ́tùn-ún lósì, tí àwa ọmọ olókè pàápàá dákẹ́ jẹ́ẹ́.

Àtẹ̀gùn tó gba ara òkè náà lọ lé ní 600. Wọ́n ṣe ibi ìsinmi sójú ọ̀nà, a sì lò wọ́n gbogbo, kò sí èyí tí a fò. Àwọn ọmọ ti dé òkè tipẹ́ kí àwọn bàbá wọn tó dé, ikùn ò jẹ́ kí àwọn kan yára. Lókè pátápátá ni ìlú àtijọ́ wà: ààfin Ọwá pẹ̀lú àwọn òpó igi tí wọ́n gbẹ́ ère sí lára, ilé ẹjọ́ tí wọ́n kọ́ ní 1906, iléèwé, àti àwókù ilé. Ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ni àwọn ará Ìdànrè fi gbé níbẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1923. Ní 2007, Nàìjíríà fi orúkọ òkè náà sínú àkọsílẹ̀ àwọn ibi tó fẹ́ kí UNESCO kà mọ́ ohun àjogúnbá gbogbo ayé.

Ọmọdébìnrin kan bi ẹni tó ń mú wa kiri léèrè pé kí ló dé tí wọ́n fi kọ́lé sí ibi tó nira báyìí. Ó ní: “Ogun ni, ọmọ mi. Ọ̀tá tó bá gun òkè yìí, á ti rẹ̀ ẹ́ kó tó débí.” A wò ó pé bí ọ̀rọ̀ tiwa náà ṣe rí nìyẹn. Òkè tí à ń yàwòrán rẹ̀, ibi ìsápamọ́sí ni fún àwọn tó ṣáájú wa. Láti orí rẹ̀ la ti rí igbó kòkó nísàlẹ̀, tó ṣú lọ títí tí ojú kò fi lè tó o mọ́.

Ọ̀nà Iléṣà àti Ifẹ̀ la gbà lọ sí Ìbàdàn lọ́jọ́ kejì. Nínú bọ́ọ̀sì la ti sọ ìtàn Kírìjí fún àwọn ọmọ, torí a kò mọ̀ bóyá wọ́n ń kọ́ wọn níléèwé. Ìbàdàn fi àwọn ajẹ́lẹ̀ jọba lé Èkìtì lórí. Ní 1878, Fábùnmi pa ajẹ́lẹ̀ ní Òkèmẹ̀sí, Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà sì parapọ̀ lábẹ́ Ògèdèngbé láti kojú Ààrẹ Látòósà. Wọ́n fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà ní September 23, 1886, síbẹ̀ ó di 1893 kí wọ́n tó tú ibùdó ogun ká. Ọ̀pọ̀ ọmọ Èkìtì tó wọ Ìbàdàn nígbà náà, bí ẹrú ni wọ́n ṣe mú wọn wọlé. Nígbà tó yá, Ìbàdàn di olú ìlú wa lábẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn, ibẹ̀ ni olùkọ́ àti akọ̀wé ti ń lọ wá ìwé wọn títí di ìgbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀ ní 1976. Ó di àwa kí ọmọ Ìgbẹ́mọ tó kó ẹbí rẹ̀ wá síbẹ̀ torí fàájì nìkan.

Ọgbà ẹranko Yunifásítì bẹ̀rẹ̀ ní 1948 gẹ́gẹ́ bí ibi kékeré tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹranko ti ń kẹ́kọ̀ọ́. Ní 1974 ló di ọgbà gidi. Ọmọ ọdẹ kan wà láàárín wa. Ó dúró pẹ́ níwájú kìnnìún. Ó ní bàbá òun pa ẹtu, ó pa ìgalà, ṣùgbọ́n kìnnìún, inú oríkì nìkan lòun ti mọ̀ ọ́n. Àwọn ọmọ tiwa ńkọ́? Ẹran ìgbẹ́ tí wọ́n mọ̀ kò ju èyí tí wọ́n yan sórí irin lẹ́bàá títì lọ. Ohun tí bàbá wọn àgbà ń bá pàdé lọ́nà oko, owó la fi wò ó fún wọn.

Ìgboro la fi ọjọ́ kẹta wò. A dé Gbọ̀ngàn Mápó, tí wọ́n ṣí ní 1929, a sì gun ilé ìṣọ́ Bower ní Òkè-Ààrẹ, níbi tí páànù tó ti pọ́n ti bo ilẹ̀ lọ bí omi. Ṣùgbọ́n ibi tí a pẹ́ sí jù ni abẹ́ Ilé Kòkó ní Dùgbẹ̀. Àjà 26 ni, 1965 ni wọ́n parí rẹ̀, iná jó o ní 1985, wọ́n sì tún un ṣe. Owó kòkó àwọn àgbẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn ni wọ́n fi kọ́ ọ. Arábìnrin kan nínú wa, tí bàbá rẹ̀ fi gbogbo ayé rẹ̀ sá kòkó, sún mọ́ ògiri, ó fi àtẹ́lẹwọ́ lé e. Ó ní: “Búlọ́ọ̀kù kan níbí, ti bàbá mi ni.” Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Àwọn mìíràn náà lọ fọwọ́ kan tiwọn.

Ọdún tó tẹ̀lé e la kan páànù iléèwé náà, láti inú owó tí a yà sọ́tọ̀ fún un. Ìrìn-àjò kejì tí à ń múra rẹ̀ sílẹ̀ báyìí, Ọgbà Orílẹ̀-èdè Ọ̀yọ́-Ilé ni, tó fẹ̀ tó 2,512 kìlómítà níbùú lóròó, níbi tí ẹranko àti àwókù ìlú Aláàfin àtijọ́ jọ wà. Ẹni tó ní ká má lọ wo ọ̀bọ ló kọ́kọ́ san owó tirẹ̀, ó sì san ti ìyàwó àtọmọ mẹ́rin mọ́ ọn. Ààyè ṣì kù nínú bọ́ọ̀sì kejì.