Kí Obìnrin Tó Gbé Hóró Oògùn Náà Mì

Ní àdúgbò tiwa yìí, láti Òṣòdì títí dé Ìsọlọ̀, bí a bá gbọ́ pé jẹjẹrẹ ọmú ń bá obìnrin kan jà, ohun tí a kọ́kọ́ máa ń béèrè ni pé, "Èló ni wọ́n ní kó mú wá?" N kò bá ẹnikẹ́ni wí, owó ṣòro. Ṣùgbọ́n àwọn ìbéèrè mìíràn wà tí owó kò lè dáhùn.

Ní oṣù Júùnù ọdún 1895, ní ìlú Glasgow, jẹjẹrẹ ọmú tún padà sára obìnrin ẹni ọdún 33 kan lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Dókítà George Beatson rò ó pé bí òun bá yọ ilé ẹyin rẹ̀, àrùn náà lè rọlẹ̀. Kí ló wá ṣe? Ó la ọ̀rọ̀ náà yé obìnrin náà àti ọkọ rẹ̀, wọ́n gbà, kó tó fi abẹ kàn án. Kókó náà yọ́, obìnrin náà sì tún lò ju ọdún 3 lọ láyé. Ibẹ̀ ni ìtọ́jú họ́mónù ti bẹ̀rẹ̀.

Ní 1962, Dora Richardson, ní ilé iṣẹ́ ICI ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, po oògùn kan tí wọ́n fẹ́ máa fi dènà oyún. Oògùn ò ṣiṣẹ́ tí wọ́n bẹ̀ ẹ́! Ní 1971, ilé ìwòsàn Christie ní Manchester ròyìn pé ó ran àwọn tó ní jẹjẹrẹ ọmú lọ́wọ́. Òun ni Tamoxifen.

Ẹ wá wo ibi tí mò ń lọ. Àwọn kókó kan wà tó jẹ́ pé họ́mónù obìnrin ni oúnjẹ wọn. Tamoxifen á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, kò ní jẹ́ kí oúnjẹ wọlé. Kókó tí kì í jẹ họ́mónù, Tamoxifen ò rí i gbé ṣe, irú èyí sì wọ́pọ̀ láàárín àwa adúláwọ̀ ju ti òyìnbó lọ. Nítorí náà: "Dókítà, ṣé ẹ ti yẹ kókó mi wò bóyá họ́mónù ló ń jẹ?" Lára ẹran tí wọ́n gé níbi kókó náà ni wọ́n ti ń ṣàyẹ̀wò yìí.

Mo mọ ìyá kan tó ń tajà ní ọjà Aswani, ní Ìsọlọ̀. Wọ́n fún un lóògùn, kò sẹ́ni tó sọ iye ọdún tí yóò lò ó. Ooru ń mú un lóru bí ẹni tó sùn ti ààrò. Lóṣù keje ó ní, "Ara mi mà ti yá, kí ni mo tún ń lò ó fún?" Ó dà á nù. Àbí ẹ ó bá a wí? Ta ló sọ fún un pé ó kéré tán, ọdún 5 ni, pé ìwádìí tó jáde ní 2012 sì fi hàn pé ọdún 10 ṣe àwọn kan láǹfààní jù bẹ́ẹ̀ lọ? Ta ló sọ pé oògùn náà ló ń fa ooru yẹn, pé tí ẹsẹ̀ kan bá wú lójijì, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ bá ń yọ lẹ́yìn tí nǹkan oṣù ti dá, kó sáré padà sọ́dọ̀ dókítà?

Ẹni tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dá lè gba oògùn mìíràn, bíi Letrozole. Ẹni tó ṣì ń rí i kò lè lo ìyẹn nìkan. Wọ́n á kọ́kọ́ fi abẹ́rẹ́ mú kí ilé ẹyin rẹ̀ sinmi, tàbí kí wọ́n yọ ọ́ bíi ti Beatson. Ìyàwó tó ṣì fẹ́ bímọ ńkọ́? Kó sọ ọ́ síta lọ́jọ́ kìíní, kí ọkọ rẹ̀ náà wà níbẹ̀, nítorí a kì í lóyún lórí Tamoxifen.