Odò Ọya Lórí Yanrìn Ṣókótó

Ní ọdún 1824, nígbà tí Clapperton, òyìnbó arìnrìn-àjò, wọ Ṣókótó, tí ó sì béèrè ipa ọ̀nà Odò Ọya, alagbalúgbú omi, lọ́wọ́ Sultan Muhammadu Bello, akọ̀wé-kọwúrà tí í tún ṣe jagunjagun, ọba náà kò fi ẹnu lásán dá a lóhùn. Orí yanrìn ni ó ya odò náà sí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n yà á sínú ìwé, tí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1826.

Àwòrán náà ní odò ọ̀hún dé Íjíbítì! Ìròyìn kò tó àfojúbà: ní 1830, àwọn Lander, arìnrìn-àjò tẹ̀gbọ́n-tàbúrò, tọ omi náà títí dé òkun. Síbẹ̀, lójú tèmi, àṣìṣe yìí kò sọ iṣẹ́ Bello di yẹpẹrẹ. Clapperton alára kò rí òpin odò náà. Ẹ̀bá Ṣókótó ni ó kú sí ní 1827.